Orin Keje

Bíntù Adẹ́ta, o kù díẹ̀ káàtó!
Orin mẹ́rìnlá lo kó sínú àwo tuntun,
mẹ́sàn-án péré ni mo rí tó yẹ níbẹ̀.
Orí òfì ni mo ti wọ̀n ọ́n,
ní Òkè-Àpómù níbí, láti ìdájí,
íápíìsì kan ní etí òsì,
etí ọ̀tún mo fi sílẹ̀ fún oníbàárà.
Bí o bá fi máa kọ ìkẹrin tán,
ọ̀já ọwọ́ mi ti gùn tó apá méjì.

Ti àkọ́kọ́, mi ò bá ọ jà.
Ó wọlé bí àlejò tó mọ ibi tí à ń bọ́ bàtà sí.
Ìkejì náà dáa. Ìkẹta, jẹ́ n dákẹ́:
òun ni ìyàwó mi ń kọ tó bá ń fọ abọ́,
ẹnu mi ò gbà á láti bú u.

Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún! Ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn?
Ọ̀gbẹ́ni kan ti Èkó dé,
ó pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínlógún
(mo kà á, mo ń so òwú ní kókó kọ̀ọ̀kan),
ó ní òun ní mọ́tò,
ó ní òun tún ní mọ́tò mìíràn,
ó bá tirẹ̀ lọ.
Orin ìfẹ́ mà lo ń kọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ta ní ń rán ẹtù mọ́ ọ̀rá?

Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ìbejì ni wọ́n,
ìlù kan náà, ẹkún kan náà.
Ọ̀kan ì bá ṣọ́lé kí ìkejì ròde.

Èyí tó wá dùn mí dọ́kàn nìyí:
“Wàrà Alẹ́” ò sí níbẹ̀.
Orin tí o kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní rédíò,
lọ́jọ́ Jímọ̀ tí òjò ń rọ̀, tí olóòtú ń wúkọ́,
nípa ìyá rẹ tó ru igbá wàrà láti Adẹ́ta dé Ọjà Ọba,
tí kò tà ju márùn-ún lọ,
tó sì ń kí gbogbo ẹni tí kò rà.
Kò sí ìlù níbẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ lórí tábìlì nìkan.
Mo gbà á sórí fóònù, òjò náà bá a wọlé.
Wọ́n ní àwọn onísítúdíò ní kò ṣeé jó sí.
Ṣé gbogbo ohun tí a ó jẹ ló gbọdọ̀ ta lẹ́nu?

Èmi ti tún un tò fúnra mi.
Mo yọ ọlọ́mọ́tò, mo yọ ọ̀kan nínú ìbejì,
mo fi ìyá rẹ sí ipò keje,
ibi tí oòrùn ti ń mú, tí ẹ̀yìn ti ń roni,
tí èèyàn ń fẹ́ kí ẹnì kan kí òun
bí òun ò tilẹ̀ ra nǹkan.

Ráfátù, ọmọ iṣẹ́ mi, ò gbà.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
“Bàbá Shéù, ẹ ti dàgbà kọjá orin.
Ìkọkànlá ló dùn jù.”
Ìkọkànlá? Èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kan
ju “jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, gbé e” lọ?
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù láyé tẹ́lẹ̀.
Mo wò ó. Mo fa òwú tí kò nílò fífà.

Lánàá, iná ti lọ láti àárọ̀,
bátìrì ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Orin kan péré ló kù nínú rẹ̀, àwa méjèèjì mọ̀.
Mo na fóònù sí i, mo ní kó yàn.
Mo rò pé ojú mi á tì í.
Ojú kankan ò tì í.

Jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, gbé e.
Mo lejú. Mo fún ètè pọ̀.
Bíntù, má sọ fún ẹnikẹ́ni:
ẹsẹ̀ mi lórí ìtẹsẹ̀ ló dà mí.
Ọ̀já ọ̀sán yẹn ni mo yára hun jù lọ́sẹ̀ yìí.

Síbẹ̀, ipò kọkànlá kọ́ ló yẹ ẹ́.
Ìkẹyìn ni ì bá jẹ́.
Ṣé o ń gbọ́?