Ojú Ewé Tó Ṣẹ́kù

Ní Páńṣẹ́kẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta táyà.
Èmi kò kàwé púpọ̀; ìka mi ló kàwé.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ìka mi ti ń lọ sí yunifásítì,
tí èmi fúnra mi jókòó síbí, tí mò ń lé eṣinṣin.

Lọ́sẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ń halẹ̀ tí kò rọ̀,
ènìyàn mẹ́ta gbé iṣẹ́ wá,
ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́ ẹ.

Adétòún ló kọ́kọ́ dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.
Ìmọ́lẹ̀ ló ń kà. Kì í ṣe pé ó ń fi í kàwé o,
ó ń kà á ní horo, ní horo, bí ẹni ń ka ẹ̀gúsí.
Ó ní horo kan ṣoṣo dé oríta gíláàsì,
ó gba ọ̀tún, ó sì gba òsì, lẹ́ẹ̀kan náà;
àfi bí ẹnìkan bá tẹjú mọ́ ọn ló tó mú ọ̀nà kan.
Mo ní, "Ọkọ mi àtijọ́ nìyẹn."
Ó rẹ́rìn-ín títí, kò rántí ná iye tí mo pè.
Àmọ́ ẹ wo ayé: ẹni tó ń ka ìmọ́lẹ̀,
oṣù mẹ́ta ni kò fi rí iná lò ní Àlábàtà.

Ṣóẹ́tan tẹ̀lé e, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.
Ó ń tú ìtàn obìnrin Faransé kan sí Yorùbá,
ọdún kẹrin rèé, ojú ewé kẹsàn-án ló há sí.
Òjò funfun kan ń rọ̀ níbẹ̀, tí kì í dún.
"Yìnyín" ló kọ; ó pa á rẹ́.
Yìnyín tiwa l'Ábẹ́òkúta, bó bá já lu páànù tó ti dípẹtà n'Ítòkò,
gbogbo àdúgbò ní í jí;
tọ̀hún ń sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tí ìyá fi bo ọmọ tó ti sùn.
"Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án," ó ní,
"kì í jẹ́ nǹkan tó jẹ́ mọ́."

Abíọ́nà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé páálí bàtà lé tábìlì mi,
ọ̀bọ̀ǹbọ̀n méjìlélógójì, abẹ́rẹ́ gún oníkálukú wọn.
Lẹ́bàá odò Ògùn ní Láfẹ́nwá ló ti kó wọn.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ:
ó ń wo itan, ó ń wo èèpo ìyẹ́, ó ń ka irun àtẹ́lẹsẹ̀.
Ogójì mọ́lé; méjì kò ní bàbá.
Mo ní kí ló ń dúró dè, kó sọ wọ́n lórúkọ.
Ó ní orúkọ kì í ṣe fìlà téèyàn ń dé fún àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ìjì dé. Iná lọ, kọ̀ǹpútà dákẹ́,
fèrèsé ṣí, iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò bí agbo lékeléke.
N kò tíì fi nọ́ńbà sí ọ̀kankan.
Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mò ń ṣà wọ́n láàárín táyà:
èyí tó ní ìṣirò, ti Adétòún;
èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ti Abíọ́nà;
èyí tó ń sunkún, ti bàbá.
Ó ku ẹyọ kan. Ẹrẹ̀ ti jẹ ìdajì rẹ̀:

a rí i lẹ́ẹ̀kan, lóru, fún ìṣẹ́jú àáyá kan;
a kò rí i mọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí.
Ọ̀rọ̀ tí a ní ni kò tíì tó o.

Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ kò mọ ti ta ni.

Wọ́n dé láàárọ̀ Sátidé.
Adétòún ní tòun ni.
Ṣóẹ́tan ní, "Èmi ló kọ ọ́, gbọ́ bó ṣe ń mí."
Abíọ́nà mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, kò fẹ́ dá a padà.
Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, mo gba owó mẹ́ta.

Ojúlówó rẹ̀ wà lábẹ́ gíláàsì tábìlì mi.
Bí ọjà bá dá, mo máa ń wò ó,
ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń wò ó,
kó má baà mú ọ̀nà kan.