Ògiri Ẹ̀yìn Pópó Àgùdà

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìjà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí,
pé ṣebí èmi ni mo ń lẹ táìsì fún àwọn olówó ní Lẹ́kì,
kí n wá bá àdúgbò po simẹ́ńtì.
Mi ò lè sọ pé rárá.
Mi ò sì lè sọ ìdí tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n.

Gbogbo wa la mọ ògiri náà,
níbi tí òpópó wa àti òpópó wọn ti fẹnu kora,
tí èéfín táyà ti ya àwòrán tirẹ̀ síbẹ̀
kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.
Ẹni tó bá ń kọjá a yíjú sápá kan
bí ẹni rí olówó tó jẹ ní gbèsè.

Ìbídùn, ọmọ-ọmọ Bàbá Télọ̀, ló kó wa jọ,
ẹfun lọ́wọ́, ó ní: kí la fẹ́ yà?
Ariwo sọ.
Ẹnìkan ní ká ya Ẹ̀yọ̀. Wọ́n ní, Ẹ̀yọ̀ ilé ta ni?
Ẹnìkan ní ká ya ojú Nọ́jímù tó kú.
Àfáà Búráímọ̀ mi orí.
Ìyá Nọ́jímù kò sọ nǹkan kan,
ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé.
Ọmọdé kan ló wí, gúgúrú kún ẹnu rẹ̀:
"Ẹ ya kànga."
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Kànga tí wọ́n dí lọ́dún tí omi ẹ̀rọ dé,
tí òpópó méjèèjì ti jọ ń fà,
okùn kan, korobá kan,
ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń kọ́kọ́ pọn.

Ọ̀dà ńkọ́? Owó ọ̀dà kò sí.
Ìyá Nọ́jímù dìde, kò dágbére,
ó padà dé pẹ̀lú garawa lórí, bí ẹni ru omi.
Ó sọ̀ ọ́, ó dún wọ̀nwọ̀n.
Àfọ́kù ni:
igò ọtí, igò mínírà, àwo tánganran,
gbogbo ohun tí a jù lura wa lóru ọjọ́ náà.
"Èmi ni mo gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.
Ọlọ́pàá ò gbá a. Kánsù ò gbá a.
Ẹ lò ó."
Nígbà tí a lọ kí i, ohun tí a wí ni
omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Òun nìkan ló mọ̀ pé agbè fọ́.

A fi òkúta ha etí wọn kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́.
Kàsúmù, tí kò kí Ráímì láti ọjọ́ yìí,
ní, "Na aláwọ̀ ewé yẹn sí mi."
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín wọn.
Èkejì ni, "Rọra, ó mú."

Ọjọ́ kọkànlá ni mo rí i nínú garawa:
ìdí igò oògùn inú rírun bàbá mi,
aláwọ̀ aró. Kò sí irú rẹ̀ ní òpópó méjèèjì.
Èmi ni mo jù ú.
Mi ò mọ orí tó bà.
Mi ò mọ̀ bóyá ó ba orí kankan.
Mo gbé e sọ́wọ́, mo dúró.
Ìyá Nọ́jímù wo ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi.
Mo la ẹnu.
Ó ní, "Simẹ́ńtì ń gbẹ."

Ìsàlẹ̀ kànga ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́,
níbi tí omi ti ṣókùnkùn jù.

Wọ́n ní ògiri náà ti tún àdúgbò ṣe.
Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣì jà lórí owó iná lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń wọ̀ lápá Ìdúmọ̀tà,
kànga náà a máa tàn, a dà bíi pé ó ní omi,
ìyá a sì gbé àpótí jókòó níwájú rẹ̀.
Mi ò yíjú mọ́ tí mo bá ń kọjá.
Mo máa ń kí i: ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà.
Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń dáhùn.