Okùn Ìwọ̀n

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri wa ní Kàbà,
àgbélébùú tí kò ní Jésù lórí.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún, ni wọ́n wí.

Bàbá Mẹ́tìbọ́bà fọwọ́ kàn án, ó ṣì tutù.
Ó ní, "Lábẹ́ ibi tí ẹ kọ ọ́ sí yìí
ni ìwọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́rin wà."
Akọ̀wé wọn ń wo aago.

Jẹ́mírìn ò sọkún.
Bíríkìlà ni, ó mọ bí ilé ṣe ń dúró.
Ó fa okùn ìwọ̀n yọ lápò ṣòkòtò,
ó ní kí n di orí rẹ̀ mú mọ́ ògiri.
Láti etí títì dé ẹnu ọ̀nà Màmá Ọbasàjú,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógójì.
Láti etí títì dé òtẹ́ẹ̀lì Onọ́rébù,
mọ́kànlá péré.
Kò sì sí ọ̀dà lára ògiri tirẹ̀.

Ọ̀nà tó mọ olówó í yà fún,
tó wá di afọ́jú níwájú ilé tálákà!

A kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé.
Ilé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìtẹ̀ka méjìdínlọ́gọ́ta:
Màmá Ọbasàjú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ òun tó sùn sí yàrá.

A ò ní kẹ́ ẹ má la títì.
Àwa náà ń gbé iṣu lọ sọ́jà, àwa náà ń rọbí lóru.
Ẹ là á. Kó ṣáà tọ́.

Ọ̀la ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún.
Jẹ́mírìn ti fọ okùn náà, ó sá a sórí ọgbà,
ó ń kán tótó.
Pupa orí rẹ̀ ò ṣí.