Àwòrán Orí Erùpẹ̀

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ibùdó ẹ̀yìn Mọníyà,
mo ká àwòrán mi há abíyá bí ẹní àlejò.
Rúlà ló fa gbogbo ìlà rẹ̀:
yàrá méjìlá tò tẹ̀lé ara wọn
bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Láníhùn káfíńtà wò ó títí, ó ní, "Ó gún."
Ó tún ní, "Ta ni yóò máa gbé e?"
N kò fèsì. Mo ń wá òkúta tí n óò fi tẹ etí bébà mọ́lẹ̀.

Fálímátà jáde lábẹ́ tapólì,
obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn kúrò lẹ́yìn Maidúgúrì,
tó bá ọkọ̀ màlúù dé Ọjọ́ọ̀,
tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì ju "ẹ káàárọ̀" àti "eélòó" lọ.
Ó wo bébà mi lẹ́ẹ̀kan.
Ó ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò, ó lóṣòó,
ó fi ya ilé tirẹ̀ sórí erùpẹ̀:
yàrá kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún,
gbogbo ilẹ̀kùn ń wojú ara wọn,
àárín ṣófo.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu àárín náà,
ó pe orúkọ ọmọ mẹ́rin.
Mẹ́ta ló sáré dé.

A kò béèrè.
Láníhùn bọ́ bàtà, ó na téèpù lórí ìlà igi.

Ní Bódìjà, Alágbà Ọ̀jẹ́wùmí onípákó ní ta là ń kọ́lé fún.
A ní àwọn tí ogun lé ni.
Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́:
"Ta ni ogun ò lé wá sí ìlú yìí?
Baba ńlá baba mi, ẹ̀bá ọ̀dàn ló sùn,
ìgbín ló jẹ, ìkarahun ló fi bu omi mu.
Ẹ kó ogún pákó sí i."
Ṣùgbọ́n kò dín kọ́bọ̀ lórí ìṣó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ Pólì po sìmẹ́ńtì,
ó dá kókó bí ẹ̀bà àpọ́n;
Mùdà bíríkìlà bú wọn, ó tún un pò.
Baba arúgbó kan, Búkàrí, jókòó lórí búlọ́ọ̀kù,
ó ń fi òkúta na ìṣó tó wọ́ mọ́ wa lọ́wọ́,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi tọ́.
Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé kí a tó kan páànù tó kẹ́yìn.
Yàrá keje jò. Ibẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi kàn.
Fálímátà gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní,
"Eélòó?"
A rẹ́rìn-ín títí omi fi kún abọ́.

Bébà mi ńkọ́? Ọmọbìnrin kan ti ya ràkúnmí sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo ń kó irinṣẹ́ sápò.
Ilẹ̀kùn méjìlá ṣí sí àárín,
iná àtùpà ń yọ látinú wọn.
Fálímátà dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀,
ó pe àwọn ọmọ wá jẹun,
orúkọ mẹ́rin,
ó sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìkẹrin.