Ajílẹ̀ Dé Lóṣù Kejì

Ìyá Nambewe, mo dé.
Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gun òkè Ntcheu,
àpò ajílẹ̀ méjì ń mì lẹ́yìn mi bí aláìsàn.
Ìwé rèé, ẹ tẹ̀ka síbí.

Ẹ ò tẹ̀ka. Ẹ rẹ́rìn-ín.
"Ọmọ ìjọba, oṣù wo la wà?"
Oṣù kejì. Àgbàdo yín ti pọ́n nídìí,
ó ti yọmọ tín-ín-rín.
"Òjò kì í dúró de ẹni tó ń wá bírò."

Mo fẹ́ ṣàlàyé: ọkọ̀ há sí Lilongwe,
kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan,
ọ̀gá náà wà nípàdé
níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa yín.

Ẹ ti yíjú sóko.
Ẹ mú mi dé ìkángun tí ẹ gbin òtílí sí
láàárín àgbàdo. Ewé rẹ̀ ń jábọ́,
ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
"Èyí ò béèrè ìbuwọ́lùwé," lẹ wí,
"ṣùgbọ́n afárá yẹn, ọdún kẹta rèé tó ti wó.
Ẹ̀pà mi ń bu nínú àká.
Bí ẹ bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́,
ẹ jẹ́ kí n dé ọjà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: afárá.
Mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ wò mí, ẹ ò sọ nǹkan kan,
ẹ kàn gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́.
Ebè mẹ́rin ló kù kí oòrùn tó wọ̀.

Mo bọ́ bàtà.