Jíà Ọrùn Sítíárín

Kì í ṣe ilẹ̀ ni ọ̀pá jíà rẹ̀ ti hù.
Ọrùn sítíárín ni, bí ẹ̀ka tó yà lára igi.
Orí rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé nígbà tó kọ́kọ́ dé;
àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi ló sọ ọ́ di eyín àgbà tó ń jẹ obì.

Píjó 404, píkọ́ọ̀pù, àwọ̀ ewé kòkó.
Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kó wá sí ọ̀tún,
ni Fámákinwá rà á, tòun ti gbèsè,
ní Odòjọmú, nílùú Oǹdó.
Ó ní odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ òsì òun fi ń wá jíà
níbi tí jíà kò sí mọ́.
"Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà," ó máa ń wí, "kì í gbọ́ ìkéde."

Fà á mọ́ra, gbé e sókè: ìyẹn ni kìíní.
Fà á mọ́ra, já a wálẹ̀: ìkejì.
Tì í lọ, gbé e sókè: ìkẹta.
Ìkẹrin, ó di ojú títì tó tẹ́, lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró.
Ọ̀nà oko wa ní Bágbè kò mọ ìkẹrin rí.

Nítorí kò sí ọ̀pá nílẹ̀,
ìjókòó iwájú lọ gbọọrọ bí bẹ́ńṣì ilé-ìwé:
bàbá, èmi, ìyá mi, Ọ̀rẹ́dọlá lórí itan rẹ̀,
agbọ̀n adìyẹ lẹ́sẹ̀ wa.
Àárín ni tèmi.
Bí bàbá bá fẹ́ yí jíà, ìgúnpá rẹ̀ á kàn mí léjìká, pẹ́.
Mo lè ka òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lára ìgúnpá ọ̀hún,
ojú mi ní pípadé,
òórùn kòkó gbígbẹ lẹ́yìn wa, tó kan díẹ̀ bí ọtí,
tapólì ń lu ìyẹ́ bí àkùkọ lórí àpò mẹ́rìnlá.

Ẹ má rò pé mò ń pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ.
Ó ní ẹjọ́ tirẹ̀.
Ọjọ́ tí inú bá bí i, kìíní àti rìfáàsì á lọ́ mọ́ra
bí ewúrẹ́ méjì tí a so mọ́ èèkàn kan.
Ó há báyìí lórí afárá Ọ̀wẹnà, nínú òjò,
tí ọkọ̀ agégẹdú ń fọn fèrè lẹ́yìn wa.
Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó fi sípánà gbá irin kan, kó!
Ó wọlé padà, ó rẹ gbingbin.
Ìyá mi ní, "Ìwọ àti ìyàwó rẹ yìí."
Kò fèsì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́,
ó fà á mọ́ra, ó gbé e sókè.

Ará Ìjù kan tó ń ta pákó ló rà á lọ́wọ́ wa.
Ọkọ̀ tí ọmọbìnrin mi ń wà lónìí
ń yí jíà ara rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni.
Ó dára. Mo máa ń sùn nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbà mú apá òsì bàbá,
tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́,
ní ilé-ìwòsàn kan l'Ákùúrẹ́,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra lórí aṣọ ìbora lóru:
ó fa nǹkan mọ́ra, ó gbé e sókè,
ó fà á mọ́ra, ó já a wálẹ̀.
Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ni bàbá ń wá?"
Mo ní kò wá nǹkan kan.
Mo sún àga mọ́ ọn,
mo tẹ èjìká mi síbi tó yẹ kó wà.
Ìgúnpá rẹ̀ kàn mí, pẹ́.
Ìkẹta.
Òkè la ṣì ń gùn.