Pọ́ńtíákì Bàbá Wa

Tí ẹ bá ń kọjá lọ ní Òde-Oǹdó láàárọ̀ Sátidé,
tí ẹ gbọ́ ohun kan tó ń hó kùtùkùtù lẹ́yìnkùlé kan l'Ókè-Lísà,
ẹ má sá.
Èmi ni, Ládùnní Akínkúótù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
gírísì dé ìgúnpá,
mo dojú bolẹ̀ sínú ọkọ̀ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ọdún tí kòkó gbówó lórí ni Bàbá rà á.
Ó di owó sínú àpò kòkó, ó wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn,
ó wà á bọ̀ wálé.
Wọ́n ní kò tíì kọ́ ọkọ̀ wíwà tán lọ́jọ́ náà,
ó kàn di sìtíà mú bí ẹni di màlúù mú níwo.

Pọ́ńtíákì!
Imú gígùn, ìlà fàdákà márùn-ún lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Bàbá á fọwọ́ pa ilà Oǹdó ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
á ní, "Tiwa, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún.
Ẹ wo ti èyí. Ẹni tó kọ ọ́ nílà ò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró."
Orí ọkùnrin kan sì wà lókè imú náà, kékeré, aláwọ̀ oyin;
bí ilẹ̀ bá ṣú tí a tanná, orí náà á tàn.
Ìyá mi kì í jókòó síwájú lálẹ́.
Ó ní òun ò lè máa tẹ̀ lé orí tí ò lọ́rùn.

Ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti kógbá wọlé.
Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pín irin.
Ẹ wá wo ọmọ òrukàn
tó wúwo tó àpò kòkó márùn-dín-lọ́gbọ̀n!

Sèídù ará Sábó ni dókítà rẹ̀.
Nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì pọ́ńpù omi já,
páálí kàlẹ́ńdà ìjọ wa ló gé sí i:
oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún
ló ń dí omi lọ́nà níbẹ̀ títí dòní.

Ọmọ mi á pè láti Kánádà: "Mọ́mì, ẹ tà á. Ẹ ra Tòyótà."
Tòyótà á gbé mi débi tí mò ń lọ, mo mọ̀.
Kò mọ nǹkan míì í ṣe.

Oṣù tó kọjá, a forí lé Àkúrẹ́, èmi àti Sèídù,
lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì, oníṣègùn ojú n'Íjàpọ̀.
Òun náà ní ọ̀kan, kò lẹ́ńjìnnì,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn,
ṣùgbọ́n ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tèmi ku mẹ́ta.

Bọ́lọ́rundúró la dé tó dákú.
Ìlú tó ní ká dúró, a kúkú dúró.
Rédíétọ̀ ń tu èéfín, Sèídù ń ṣépè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
àwọn ọmọ tú jáde bí esunsun.
Ọ̀kan, ó ti kán léyín iwájú, nawọ́ sí orí aláwọ̀ oyin:
"Ta nìyí?"
Mo ní olórí ogun kan ni, nílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà.
Ó bá àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀ jà.
Wọ́n gba ilẹ̀ náà ṣá. Nígbà tó yá, wọ́n forúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀.
"Ṣé wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ogójì ọdún ni mo fi dáhùn ìbéèrè ọmọdé.
Mo wo Sèídù. Sèídù wo ẹ́ńjìnnì.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù ká tó wọ Àkúrẹ́,
orí náà ń tàn níwájú wa.
Fálúyì jáde tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó wọ bùbá òun nìkan,
kò kí mi, kò kí Sèídù.
Ó tẹ̀ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó fìka kan àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
márààrún.